Odierna Afàlà àti Ẹkún Ọ̀gá Drogo

Ìwé Ọ̀gá Drogo wà nínú àpótí ìwé lẹ́yìn pẹpẹ ṣọ́ọ̀ṣì Máàtínì Mímọ́, ní Tours wa níbí. Bí ẹ bá ṣí i, ẹ ó rí orúkọ Drogo níwájú pẹ̀lú tàdáwà pupa, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tóbi bí ẹyin ẹyẹlé. Orúkọ Odierna kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ di ojú yín, kí ẹ fi ìka ra ojú awọ àgùntàn tí wọ́n kọ ọ́ sí wẹ́rẹ́. Ẹ ó kan poro tín-ín-rín, ọ̀kan lábẹ́ ọ̀kan, tí ó tọ́ bí okùn tí a so òkúta mọ́. Odierna nìyẹn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Èmi ni Fromond, asetàdáwà. Láti ogójì ọdún, kò sí ìwé kan tí wọ́n kọ ní ìlú yìí tí kò mu nínú ìkòkò mi. Látìn tí mo gbọ́, ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi. Abẹ́ fèrèsé ilé-ẹ̀kọ́ ni mo dúró sí fún ọdún mẹ́fà, tí yìnyín ń bọ́ sí mi lọ́rùn, tí mo sì ń dáhùn ìbéèrè kí àwọn tó wà nínú ilé tó ya ẹnu. Olùkọ́ kan bẹ̀ mí kí n wá gba ipò òun. Mo kọ̀, nítorí tàdáwà mi wà lórí iná. Àwọn kan máa ń sọ pé mo ń bu iyọ̀ sí ìtàn. Kí ni iyọ̀ ń ṣe fún ẹran? Òun ni kò jẹ́ kó rà.

Ọmọ apẹja ni Odierna. Inú ọkọ̀ baba rẹ̀ lórí odò Loire ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà. Ó kúrú débi pé bí ó bá dúró lẹ́yìn àgbá wáìnì, ohùn rẹ̀ nìkan ni yóò sọ fún yín pé ènìyàn wà níbẹ̀. Ohùn náà sì tó. Kò mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ adìẹ. Tescelin tó fẹ́ ẹ ni afàlà. Bí àwọn ahawọ bá ti ha awọ àgùntàn tán, tó funfun, afàlà á fi abẹ́rẹ́ gún etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, á gbé igi tó tọ́ lé e, á fi ṣóńṣó irin fa poro láti ihò dé ihò. Inú poro yẹn ni akọ̀wé ń gbin lẹ́tà sí. Bí poro bá ti wọ awọ, ó wọ̀ ọ́ nìyẹn. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ fi ọ̀bẹ ha á kúrò, awọ á lu mọ́ ọn lọ́wọ́.

Egungun ẹja ni ó há Tescelin lọ́fun ní ọjọ́ Ẹtì kan. Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, Odierna jókòó sórí àga rẹ̀ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ àríwá ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí ìmọ́lẹ̀ kì í yí láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ó gbé irin, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ṣé obìnrin máa ń fàlà ni? A kò rí i rí. Ṣùgbọ́n ó ti ń bá Tescelin fà á nínú ilé, ìlà rẹ̀ sì tọ́ ju ti Tescelin lọ. Mo ti sọ ọ́ lójú Tescelin fúnra rẹ̀ pé bí Odierna bá fa ìlà láti ibí dé Róòmù, òkè nìkan ló lè mú un yà.

Ẹni tí kò dùn mọ́ ni Gaubert, àbúrò Tescelin. Ahawọ ni Gaubert, omi ẹfun tí wọ́n ń rẹ awọ sí ti jẹ apá rẹ̀ funfun títí dé ìgbọ̀nwọ́, ó sì ti ń wo àga yẹn láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà láyé. Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń lọ bá Alùfáà Rainald, tí gbogbo iṣẹ́ ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ rẹ̀, tó ń sọ pé, "Baba, obìnrin kì í jókòó sórí àga afàlà." Nígbà tó sú Alùfáà, ó pe àwọn méjèèjì.

Ó ní, "Ìwé Ọ̀gá Drogo ni yóò dá ẹjọ́ yín. Bí ó bá jáde láìlábàwọ́n lọ́jọ́ kejì Àjíǹde, Odierna ló ni àga títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Bí iṣẹ́ rẹ̀ bá bàjẹ́, Gaubert ló ni ín."

Yàrá tó wà lókè ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn ni Odierna ń sùn. Àga ló ni yàrá. Bí àga bá lọ, ibùsùn náà lọ nìyẹn, kò sì ní ọmọ tí yóò lọ bá.

Wàyí o, ta ni Drogo? Poitiers ló ti wá ní ìgbà ìkórè àjàrà, ó ní òun wá di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Wọn ò fi í ṣe é. Wọ́n ní kó máa kọ́ gírámà. Ó bínú títí irun orí rẹ̀ tí kò pọ̀ tẹ́lẹ̀ tún dín. Ohun tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa máa ń ṣe bí wọ́n bá bínú lòun náà ṣe: ó kọ ìwé.

Irú ìwé náà, ẹ ti gbọ́ ọ rí. Ọkùnrin kan á jókòó sínú yàrá, á máa fi ewì sunkún. Obìnrin kan tí orí rẹ̀ kan òrùlé á wọlé láìkan ilẹ̀kùn, á ní òun ni Ọgbọ́n, tàbí òun ni Ìṣẹ̀dá. Á fi ọ̀rọ̀ geere bá a wí bí adájọ́. Bí ó bá rẹ̀ ẹ́, á kọrin díẹ̀, á tún padà sí geere. Orin, geere, orin, geere, títí ọkùnrin náà á fi gbà pé kò sí nǹkan tó ṣe òun. Àwọn ọ̀mọ̀wé wa fẹ́ràn irú ìwé yìí bí ológbò ṣe fẹ́ràn ilé apẹja. Obìnrin ti Drogo, Ìwọ̀n lorúkọ rẹ̀. Ó mú òṣùwọ̀n lọ́wọ́ kan, ó mú okùn ìwọnlẹ̀ lọ́wọ́ kejì, ó sì ní ìdí mẹ́wàá tí kò fi yẹ kí ènìyàn sunkún.

Ibi tí ìṣòro wà nìyí. Ìlà geere yàtọ̀ sí ìlà ewì. Ti geere, poro á gùn láti etí kan dé èkejì, bí oko àlìkámà olówó. Ti ewì, ọ̀nà méjì ni, poro kúkúrú kúkúrú, tòun ti ọ̀nà tóóró kan lápá òsì tí lẹ́tà ńlá á dá dúró sí. Ẹ ò lè gbin èyí sínú tọ̀hún. Afàlà wa kò sì mọ̀wé, igi ni ọ̀mọ̀wé fi ń bá a sọ̀rọ̀. Á sá igi pẹlẹbẹ lọ́bẹ: ojú ọ̀bẹ gígùn kan fún ojú ewé geere, kúkúrú méjì fún ojú ewé ewì, títí ìwé á fi parí. Á so okùn mọ́ ọn, á fi kọ́ ara àga. Ní àdúgbò wa, ibi tí okùn bá wà ni orí igi. Ẹnikẹ́ni kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, bí ẹnikẹ́ni kò ṣe sọ fún yín rí pé ẹnu ni ṣíbí ń wọ̀.

Odierna fa ogún ewé Drogo láàárín ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ní Ọjọ́rú Eléérú, tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí eérú ṣì wà níwájú orí gbogbo wa, Drogo wá gba awọ rẹ̀. Ìkòkò mi wà ní ẹ̀gbẹ́ àga náà gan-an, nítorí náà ohun tí mo ń sọ yìí, etí mi ló gbọ́ ọ.

"Ìyá Odierna," ni Drogo wí, "kí lẹ fún mi yìí?"

"Awọ yín ni, Ọ̀gá. Ogún ewé pé."

"Ojú ewé kìíní, ìlà geere! Ẹkún ni ìwé mi fi bẹ̀rẹ̀! Ewì ni! Ewì onílà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin! Ẹ wo ìparí, ibi tí Ìwọ̀n ti sọ ìdí rẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ewì lẹ fà síbẹ̀!"

"Igi yín ló ní kí n fà á bẹ́ẹ̀."

Drogo já igi kúrò lára àga, ó gbé e sókè, okùn wà nísàlẹ̀. "Orí rẹ̀ rèé!"

Odierna gbà á, ó yí i padà. "Ìdí nìyẹn, Ọ̀gá. Ibi okùn ni orí."

"Ibi okùn kẹ̀! Ìrù ni okùn! Níbo lẹ ti rí nǹkan tí wọ́n so okùn mọ́ lórí?"

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Odierna wí, "ní Poitiers yín, ṣé ìrù lẹ fi ń so màlúù mọ́lẹ̀?"

Mo rẹ́rìn-ín títí tàdáwà fi ta sí mi nírùngbọ̀n. Àmì rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, ẹ wò ó.

Drogo kọjú sí mi. "Ẹ̀yin baba yìí, ẹ gbájú mọ́ ìkòkò yín!"

"Mo gbájú mọ́ ọn, Ọ̀gá. Ìkòkò ló ń rẹ́rìn-ín."

"Ẹ fún mi ní awọ mìíràn! Ogún ewé! Lónìí!"

Etí apá kan ewé kọ̀ọ̀kan ni Odierna fi sílẹ̀ fún abẹ́rẹ́ arán-ìwé; bí a bá to ewé láti ẹ̀yìn wá síwájú, etí yẹn á bọ́ síta. Drogo wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, ó wá rántí eérú tó wà níwájú orí òun fúnra rẹ̀. Ààwẹ̀ ti dé. Ogójì ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò ní jẹ ẹran. Bí ẹnikẹ́ni kò bá jẹ ẹran, ẹnikẹ́ni kò ní pa àgùntàn. Bí wọn kò bá pa àgùntàn, ta ni yóò bọ́ awọ fún yín? Èyí tó wà nílẹ̀, àwọn ọlọ́jà ti kó o lọ sí Angers kí ààwẹ̀ tó dé. Ní gbogbo ìlú Tours, awọ tó kù wà lára àwọn tó ni ín, wọ́n ń jẹ koríko.

Gaubert ti gbọ́ ariwo. Ó dé pẹ̀lú apá funfun rẹ̀, ó ń fi ẹ̀rín bo ẹnu. "Ìyàwó wa, o kú iṣẹ́ o. Wọ́n ní awọ ń sunkún níbí."

"Kò sí ohun tó ń sunkún, ọkọ mi," ni Odierna dáhùn. "Ọ̀gá nìkan ni, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni."

"Àga yẹn ń dùn mí lójú. Bí mo bá gbà á, màá gbé tìmùtìmù sí i."

"Ẹ tètè lọ máa rán an. Bí ẹ bá rán an bí ẹ ṣe ń ha awọ, á lu kí ẹ tó jókòó."

Gaubert lọ, ṣùgbọ́n kó tó lọ, ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ di okùn bàtà, ó sì ti igi Drogo tó bọ́ sílẹ̀ sínú apá ẹ̀wù rẹ̀. Mo rí i. Mo rò pé ó fẹ́ fi dáná ni.

Lọ́jọ́ kejì, Odierna bu ọbẹ̀ àlùbọ́sà àti ẹja gbígbẹ sínú àwo, ó ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sí ilé Drogo. Ó ní òun fẹ́ ẹni tó gbọ́ Látìn. Ta ló tún kù ní ìlú yìí tó bá kúrò lórí èmi? A bá Drogo lórí ibùsùn, ó fi aṣọ bo orí.

"Ọ̀gá, ẹ dìde jẹun," ni Odierna wí. "Mo wá jẹ́wọ́ nǹkan kan fún yín."

Drogo yọ ojú kan.

"Mo ti fa ìlà irú ìwé yín yìí márùn-ún. Gbogbo wọn, ẹkún orin ló ń ṣíwájú. Nígbà tí mo rí geere níwájú tiyín, ọkàn mi ní kí n béèrè. Mi ò béèrè. Ẹ̀rù bà mí. Mo mọ ohun tí wọ́n á wí: 'Ẹ wá wo obìnrin, kò mọ iṣẹ́, ó ń béèrè.' Bí mo bá béèrè, ọ̀rọ̀ ò ní dé ibi tó dé yìí. Tèmi nìyẹn. Okùn ìrù màlúù, tiyín nìyẹn."

Drogo jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ọbẹ̀. Ẹni tó bá ń jẹ ọbẹ̀ yín ti dárí jì yín dé ìdajì.

"Wọ́n á lé yín lórí àga," ló wí.

"Wọ́n á lé mi. Ìwé tiyín náà kò sì ní sí. Nítorí náà, ẹ ka ẹkún yẹn fún mi. Fromond á máa túmọ̀ rẹ̀."

Drogo nu ẹnu, ó dúró, ó na ọwọ́ sókè, ó bẹ̀rẹ̀:

*Ìwọ ìràwọ̀ tí o ṣìnà lójú ọ̀run,*
*Ìwọ ìjì tí o fọ́ ọkọ̀ mi létí èbúté,*
*Ẹ wá wo ọba tí adé jábọ́ lórí rẹ̀!*

"Ó dùn," ni Odierna wí. "Ta ni ọba?"

"Èmi ni. Àfiwé ni."

"Ọkọ̀ yẹn ńkọ́? Irú ọkọ̀ wo ni?"

"Mi ò ní ọkọ̀."

"Nígbà náà, kí ló ṣe yín gan-an?"

"Ayé yí padà sí mi."

"Báwo ló ṣe yí?"

Drogo wo ilẹ̀. "Wọ́n fi ẹlòmíràn ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́."

"Ẹ pẹ̀lẹ́. Kí ló tún kù?"

"Ó máa ń hanrun."

"Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ó tán?"

"Wọ́n fún un ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná," ni Drogo wí, ohùn rẹ̀ sì gbọ̀n lóòótọ́. "Ẹsẹ̀ mi máa ń tutù."

Kò sí ẹni tó rẹ́rìn-ín. Èmi tí mo máa ń rẹ́rìn-ín níbi òkú, mi ò rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà ti kọ ìlà mẹ́rìnlélọ́gọ́rin nípa ìràwọ̀, kò sì tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé òtútù ń mú òun.

"Ìyẹn ni kí ẹ kọ síwájú," ni Odierna wí. "Bí ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn. Ìlà geere wà níbẹ̀ tó ń dúró dè é."

Ó ní kó wá ka ìdí mẹ́wàá tí Ìwọ̀n sọ. Ó kà á. Nígbà tó dé ìdí kẹta, orí Odierna ti sọ̀ sí àyà. Nígbà tó dé ìkẹrin, èmi gan-an, tí ọgbọ́n kì í sú, mo di ojú kan kí ìkejì lè gbọ́ dáadáa. Ní ìkarùn-ún, ológbò Drogo dìde, ó nara, ó jáde.

"Ẹ wo ológbò," ni Odierna wí láìla ojú.

"Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni! Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ò ṣeé kọ lórin! Orin wà fún ẹkún, geere wà fún òye, bí àwọn ọ̀gá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn."

Odierna la ojú. "Ọ̀gá, nígbà tí mo wà lọ́mọdé, baba mi kọ́ mi ní gbogbo ibi tí yanrìn ti ga nínú Loire, láti Amboise dé abẹ́ afárá wa. Méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Ṣé geere lẹ rò pé ó fi sọ ọ́ fún mi? Orin ni. Bí ìkùukùu bá bo odò, tí ẹ̀rù ń bà wá, ẹnu á máa kọrin, ọwọ́ á máa wa ọkọ̀. Ìdí mẹ́wàá yín yìí, ṣé ẹ fẹ́ kí ẹni tí ẹ̀rù ń bà rántí wọn ni, àbí ẹ kàn fẹ́ kó mọ̀ pé ẹ gbọ́n?"

Drogo na ọwọ́ mú kálámù rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́: mo ti fẹ́ sọ nǹkan yẹn gan-an kí Odierna tó sọ ọ́, ọ̀wọ̀ ni mo fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni Drogo ṣe fi gbogbo ààwẹ̀ náà tú ìwé rẹ̀ palẹ̀. Ẹkún di geere, ìdí di orin. Lójoojúmọ́ ló ń wá dúró sí ẹ̀yìn àga Odierna bí ẹni tó wá gba ìyẹ̀fun.

"Ìyá, ìlà mélòó lẹ ní kó wà ní ojú ewé kẹtàdínlógójì?"

"Méjìlélógójì."

"Ọgbọ̀n péré ni mo ní."

"Ẹ lọ wá méjìlá. Mi ò lè pa poro dé."

"Ìdí ti tán!"

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa gbè é, kó lè wọlé."

Báyìí ni ègbè ṣe dé inú ìwé náà. Ojú ewé kan wà tó ku ìlà mẹ́ta, Drogo ti wá a títí, orí ń fọ́ ọ. Èmi ni mo fún un ní ìlà mẹ́ta yẹn, ní Látìn tó gún régé. Ọ̀rọ̀ nípa tàdáwà ni. Ó ní òun yọ ọ́ kúrò nígbẹ̀yìn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ọjọ́ kejì Àjíǹde dé. Ìlú ti jẹ ọ̀dọ́ àgùntàn, ikùn rọ̀ wọ́n, inú wọn sì dùn. Wọ́n kó jọ sínú gbọ̀ngàn àwọn alùfáà: Alùfáà Rainald lórí àga gíga, àwọn alùfáà yòókù lọ́tùn-ún lósì, àwa oníṣẹ́ ọwọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Odierna dúró lẹ́yìn mi, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò rí i. Mo gbọ́ bó ṣe ń mí.

Drogo ṣí ìwé. Gbogbo wọn múra sílẹ̀ de ìràwọ̀ àti ìjì.

Ó kà pé, "Ní oṣù kẹsàn-án, wọ́n fi ọkùnrin kan tó ń hanrun ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ dípò mi, wọ́n sì fún un ní yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná. Ẹsẹ̀ mi ń tutù."

Àwọn kan yí ojú wo ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Lẹ́yìn náà, alùfáà arúgbó kan ní igun bú sẹ́rìn-ín, ó ní, "Tèmi náà!" Ni gbogbo ilé bá dà rú fún ẹ̀rín. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ tó ń hanrun náà rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ òun láti ìta. Drogo wò wọ́n bí ẹni tí wọ́n ju sínú omi tó wá rí i pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ń kà á lọ. Ìwọ̀n wọlé, ó mú òṣùwọ̀n rẹ̀ dání, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin:

*Ẹni tó ni ẹ̀gbẹ́ iná, òun náà ló ni èéfín;*
*Wọ̀n ọ́n, kí o tó sunkún.*
*Ẹni tó ga lórí àga, ilẹ̀ jìnnà sí i tó bá ń ṣubú;*
*Wọ̀n ọ́n, kí o tó sunkún.*
*Odò kò bá yanrìn jà, ó yà, ó sì dé òkun;*
*Wọ̀n ọ́n, kí o tó sunkún.*

Nígbà tó dé ìdí kẹrin, àwọn tó wà lápá òsì ti ń gbè é. Nígbà tó dé ìkeje, Alùfáà Rainald ń fi òrùka lu apá àga. Ìdí kẹwàá, gbogbo ilé ló kọ ọ́, àwa ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú. Ohùn mi ló ga jù. Àwọn tó wà ní ìdí odò sọ fún mi pé àwọn gbọ́ ọ.

Ìgbà náà ni Gaubert bọ́ síwájú. Ó fa igi Drogo yọ láti inú apá ẹ̀wù.

"Ẹ dákun, Baba, ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn yín jẹ! Igi tí Ọ̀gá fún ìyàwó wa rèé. Sódì ló ka igi! Ó fa ìlà geere síbi ewì, ó fa ìlà ewì síbi geere! Mo gbọ́ ọ nígbà tí Ọ̀gá ń pariwo mọ́ ọn. Ó ba awọ jẹ́, wọ́n wá fi orin bò ó mọ́lẹ̀. Ẹ̀yin lẹ sọ pé bí iṣẹ́ bá bàjẹ́, èmi ni mo ni àga."

Odierna di ẹ̀yìn ẹ̀wù mi mú. Ó dì í mú débi pé aṣọ náà ya. Ó rán an fún mi nígbẹ̀yìn.

Alùfáà Rainald ní kí wọ́n gbé igi wá. Ó wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. "Gaubert, ní àdúgbò yín, ibo ni orí igi?"

"Ibi okùn ni, Baba," ni Gaubert wí, àyà rẹ̀ yọ síwájú. "Ọmọ ọwọ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Alùfáà gbé igi lé ẹ̀gbẹ́ ìwé, okùn lókè. Ó ṣí ojú ewé kìíní. "Gígùn kan. Geere." Ó wo ìwé. "Geere ni." Ó ṣí èkejì. "Gígùn. Geere ni." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣí i, tó ń fi èékánná tẹ ojú ọ̀bẹ kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé ìdí igi àti ìparí ìwé. Ogójì ojú ewé. Ọ̀kan ò yàtọ̀.

"Ohun tí mo rí," ló wí, "ni pé igi àti ìwé kò bá ara wọn jà."

Òógùn bẹ̀rẹ̀ sí í la ẹfun apá Gaubert kọjá. "Ṣùgbọ́n Ọ̀gá sọ pé apá kejì ni orí! Ó pariwo! Ẹ bi í léèrè!"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Drogo. Mo mọ ohun tó wà nínú àwo tí wọ́n gbé síwájú rẹ̀. Bí ó bá ní òótọ́ ni, òun ọ̀mọ̀wé Poitiers ló so okùn mọ́ ìrù, ìwé tí wọ́n ń kọrin rẹ̀ yìí sì di àṣìṣe. Odierna á sì padà sí etí odò. Mo wúkọ́. Ikọ́ yẹn ṣe iṣẹ́ ńlá, bí ẹnikẹ́ni kò tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.

Drogo na ọrùn. "Mo pariwo," ló wí. "Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀ ni, ebi ń pa mí. Igi náà tọ̀nà. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni mo ti pinnu pé geere ni ọkùnrin yẹn á fi sunkún."

Alùfáà Rainald kì í ṣe ọmọdé. Ó wo okùn igi, ó wo Drogo. Lẹ́yìn náà ó ní, "Fromond, yẹra." Mo yẹra, wọ́n sì rí Odierna.

"Ìyá, ṣé bí Ọ̀gá ṣe wí ló rí?"

"Baba," ni Odierna wí, "ohun tí igi sọ ni mo fà. Ohun tó wà lọ́kàn Ọ̀gá, mi ò lè kà á. Mi ò mọ̀wé."

Alùfáà rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ fìlà. Ó fún Odierna ní igi náà. "Ẹ padà sórí àga yín, Ìyá. Gaubert, ìwọ lọ ha awọ fún un. Ààwẹ̀ ti parí, àgùntàn ti ń kú."

Ọdún méjìlélógún ni Odierna tún fi jókòó síbẹ̀. Gaubert ló ń ha awọ rẹ̀ títí, Odierna sì ń pè é ní "ọkọ mi" ní gbogbo àárọ̀ bó ṣe ń da èyí tó lu nínú wọn padà fún un. Ọ̀mọ̀wé yòówù tó bá gbé igi wá, ìbéèrè méjì ni yóò gbọ́ kó tó jókòó. Àkọ́kọ́: "Orí dà?" Èkejì: "Ọkùnrin tó ń sunkún nínú ìwé yín, kí ló ṣe é gan-an?" Àwọn kan bínú sí ìbéèrè kejì. Àwọn tó dáhùn rẹ̀, ìwé wọn dára.

Ní ọdún kẹrin, Drogo kọ ìwé mìíràn. Wọ́n ti fún un ní yàrá ẹ̀gbẹ́ iná nígbà náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná, mo sì rò pé kò ní rí nǹkan kan sunkún lé lórí mọ́. Ó gbé igi tuntun wá. Odierna gbà á, ó yí i, ó tún un yí. Okùn wà ní ìdí, okùn wà ní orí.

"Ọ̀gá, èwo ni màá tẹ̀ lé?"

Drogo wo ọ̀tún, ó wo òsì, bóyá ẹnì kan ń gbọ́. Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀, mo sì ń ro tàdáwà bí odi.

"Ẹ yàn án fúnra yín, Ìyá," ló wí.

Odierna mú ọ̀bẹ, ó gé okùn kan kúrò. Èwo ni? Mi ò ní sọ fún yín. Ẹ lọ fi ìka ra ìwé kejì náà.